Páánù Tó Fò
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba tí a ṣe ní Ìkàrẹ́ Àkókó, lórí ọkọ̀ òfurufú Junkers F 13

Ọmọ Ọ̀kà ni mí, Ìkàrẹ́ ni mo sì wà lónìí. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí mo bẹ̀ pé kí ẹ pa ṣọ́ọ̀bù dé kí ẹ wá, mo rí àwọn wẹ́dà, mo rí àwọn káfíńtà, mo rí àwọn tó ń fi alumíníọ̀mù rọ ìkòkò. Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Àkùngbá wá, ẹ kú ẹsẹ̀ rìn. Mo mọ̀ pé ìrẹsì tó ń ta sánsán lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí ló pe àwọn kan nínú yín. A máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ní kí n wá sọ. Ọ̀rọ̀ páánù ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ páánù kíkàn ni bàbá mi fi tọ́ wa. Láyé ìgbà tí àwọn èèyàn ń ṣí koríko kúrò lórí ilé wọn, tí wọ́n ń fi páánù rọ́pò rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí, láti Ọ̀kà wá títí dé Ìkàrẹ́ níbí. Èmi ni mo máa ń gbé agolo ìṣó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kan, èmi àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ gbé páánù kan nílẹ̀. A dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ṣe ni páánù ká bí ẹní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ké láti orí òrùlé pé, "Ẹ dì í mú lórí àti nídìí! Páánù mọ bí wọ́n ṣe ń gbé òun!" A yí i padà, a dì í mú lórí àti nídìí, ó sì le gbọnrangandan bí igi ìrólé. Páánù kan náà ni o. Ibi tí a ti dì í mú nìkan la yí padà.

Mo ti dàgbà, mo ti kàwé, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ irin, kí n tó mọ̀ pé ohun tí bàbá mi ké jáde lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilẹ̀ Jámánì fi ṣe ọkọ̀ òfurufú onírin látòkè délẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ ti èrò ní gbogbo ayé.

Ẹ wo páánù tó wà lórí tábìlì yìí. Ẹ tẹrí wò ó láti ìdí rẹ̀. Oko ni: ebè kan, poro kan, ebè kan, poro kan, títí ó fi parí. Kí ló dé tí wọn kò ṣe é pẹrẹsẹ? Mo ní ìwé kan níbí, ìwé lásán. Mo gbé e sórí kọ́ọ̀pù méjì bí afárá. Mo gbé bírò lé e. Ẹ rí i, ó wó. Mo tún mú ìwé yìí kan náà, mo ń ṣẹ́ ẹ po bí abẹ̀bẹ̀, ó ń di ebè, ó ń di poro. Mo gbé e padà. Mo gbé bírò lé e. Mo gbé fóònù mi lé e. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè mí báyìí.) Ó ṣì dúró. Mi ò fi gúlù kún un, mi ò fi igi tì í. Nígbà tí ó pẹrẹsẹ, gbogbo ara rẹ̀ wà lójú kan, kò sí ohun tó máa kọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ebè, apá kan gòkè, apá kan sọ̀kalẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní láti fún orí ebè pọ̀, kó sì na ìsàlẹ̀ poro lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Hugo Junkers ni orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ìlú Rheydt ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1859. Bàálù kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olówó. Ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì gbé omi ìwẹ̀ kaná ni. Láti ọdún 1895 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é ní ìlú Dessau. Ẹ̀yin wẹ́dà, ó máa yé yín dáadáa: ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ omi gbígbóná, irin pẹlẹbẹ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ká a, bí wọ́n ṣe ń dè é, bí iná ṣe ń ṣe é. Ó tún ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Aachen. Ibẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Hans Reissner, ti ń ṣe bàálù kan tó sọ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn oníṣẹ́ Junkers ló bá a fi alumíníọ̀mù oníebè ṣe ìyẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1912. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè.

Kí ni bàálù ìgbà yẹn jọ? Igi, aṣọ àti wáyà. Ìyẹ́ méjì wà lórí ara wọn, òpó igi wà láàárín wọn, wáyà sì dè wọ́n yí ká bí ẹrù tí wọ́n dì sórí lọ́rì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gba inú wáyà yẹn kọjá, ó máa ń hu bí ìyá arúgbó. Junkers béèrè ìbéèrè ọmọ kékeré kan: kí ló dé tí ẹ fi egungun sí ìta, tí afẹ́fẹ́ ń lù ú? Ara èèyàn kọ́ nìyẹn, inú ni egungun tiwa wà. Ní ọdún 1910, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìyẹ́ tó nípọn, tí gbogbo ohun tó ń gbé e dúró wà ní ikùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1915, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń jà, bàálù rẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Irin gidi ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tó wúwo. Ó ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gòkè, ó máa ń kérora. Ẹnu àwọn ará ibẹ̀ kì í dákẹ́, bíi ti àwa náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Páánù.

Ohun tó gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà lọ́wọ́ ìwúwo ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Ẹ̀yin tó ń rọ ìkòkò, ẹ mọ̀ pé alumíníọ̀mù fúyẹ́, ẹ sì mọ̀ pé ó rọ̀. Bí ìkòkò bá já bọ́ láti orí àdògán, ó ti ní kòtò nìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Wilm ń wá bí òun ṣe máa mú un le. Ó fi bàbà díẹ̀ sí i, nǹkan bí ìwọ̀n 4 nínú 100, pẹ̀lú maginísíọ̀mù bíńtín. Ó yan án nínú iná, ó rì í bọ omi, ó dán an wò. Kò le tó bó ṣe fẹ́. Wọ́n ní ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ ló jẹ́ kó fi í sílẹ̀. Nígbà tó padà dé, tó tún un dán wò, ó ti le kọjá bó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, bí ẹ̀kọ tí ìyá mi máa ń dà sínú ewé lálẹ́ tí a máa ń bá ní dídì láàárọ̀. Ìlú Düren ni wọ́n ti ń ṣe irin náà jáde láti ọdún 1909, orúkọ ìlú yẹn sì wà nínú orúkọ rẹ̀: dúrálúmínì. Wilm fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ irin sílẹ̀ nígbà tó yá, ó lọ ṣe àgbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Báyìí, ẹ kó mẹ́ta pọ̀: ìyẹ́ oníkùn ti Junkers, dúrálúmínì ti Wilm, àti ebè òun poro tó wà lórí gbogbo ilé yín. Ọ̀gá ayàwòrán ẹ̀rọ kan nílé-iṣẹ́ náà, Otto Reuter, ló kó wọn pọ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹfà, ọdún 1919, bàálù náà fò ní Dessau. F 13 ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Versailles tó de Jámánì lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ọmọ tuntun dé, wọ́n sì ti ń kó ẹrù ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí a wọ inú rẹ̀. Ìyẹ́ kan ṣoṣo ló ní, ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ ni ìyẹ́ náà wà, èèyàn á gun orí ìyẹ́ bí ẹni gun pèpéle kó tó wọlé. Èrò 4 ló ń gbé nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé onígíláàsì. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ tìmùtìmù, ẹ̀rọ ìmóoru wà níbẹ̀, bẹ́líìtì sì wà láti fi de ara mọ́ ìjókòó. Ẹ rántí pé ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti London lọ sí Paris ní oṣù kẹjọ, àwọn bàálù ogun onígi tí wọ́n tún ṣe ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n awakọ̀ F 13 àti mẹkáníìkì rẹ̀ kò sí nínú yàrá yẹn o. Iwájú ni wọ́n jókòó sí, lábẹ́ ojú ọ̀run, òjò ń pa wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láyé àtijọ́. Àwọn awakọ̀ ìgbà yẹn gbà pé bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ sí wọn lójú, wọn ò ní mọ ohun tí bàálù ń ṣe. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà kí wọ́n ka òrùlé lé wọn lórí. Káfíńtà bàbá mi kan wà tó jẹ́ pé òrùlé tirẹ̀ nìkan ló ń jò, mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn.

Nínú ìyẹ́ náà, òpó dúrálúmínì 9 oníhò ló wà, wọ́n na láti ara bàálù lọ sí ṣóńṣó ìyẹ́. Lórí wọn ni wọ́n da páánù bò, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi kàn án. Ẹ̀yin tó gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ nípa gbígbé páánù, ẹ ti mọ ìdí tí òpó fi wà níbẹ̀. Ebè páánù náà lọ láti iwájú ìyẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú poro kọjá bí òjò ṣe ń gba poro òrùlé ṣàn lọ sí etí ilé. Èyí túmọ̀ sí pé láti ọ̀tún sí òsì, páánù yẹn kò lágbára kan, á ká bí ẹní. Iṣẹ́ òpó 9 yẹn ni kó má jẹ̀ẹ́ kó ká. Iṣẹ́ páánù ni kó má jẹ̀ẹ́ kí ìyẹ́ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1919, bàálù yìí gbé èèyàn 8 gòkè tó mítà 6,750. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, nítorí pé wọn kò gba Jámánì sí ẹgbẹ́ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ náà nígbà yẹn.

Ní ọdún 1919 yẹn, kí là ń ṣe ní Àkókó? Àwọn àgbàlagbà tó wà láyé nígbà náà rántí ogun Tápà bí àná. Wọ́n mọ ihò àpáta tí wọ́n sá sí. Ìdí tí àwọn baba wa fi tẹ̀dó sórí òkè Ọ̀kà kò ju pé ẹni tó bá wà lókè máa rí ọ̀tá kó tó dé. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè Maria nígbà ọyẹ́, kí n wo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀, kí n sì rò ó pé ká ní bàálù kan kọjá lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ ni àwọn baba wa ì bá máa wò, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ tó jọ tiwa ni F 13 ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn ní tòótọ́: ooru, òjò, òkè, ọ̀nà tó burú. Ilẹ̀ Kòlóḿbíà ni, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Odò ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Magdalena. Ẹni tó bá fẹ́ ti etíkun ní Barranquilla lọ sí apá òkè ní olú-ìlú, ọkọ̀ ojú omi oníná ni yóò wọ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, bí omi bá sì fà, ọkọ̀ á jókòó sórí yanrìn, èrò á máa ka ọjọ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejìlá, ọdún 1919, àwọn oníṣòwò Kòlóḿbíà àti ti Jámánì tó ń gbé níbẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ SCADTA sílẹ̀. Wọ́n ra F 13, wọ́n yọ táyà rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní bàtà tó léfòó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1920, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Hellmuth von Krohn tọ odò náà gòkè dé ìlú Girardot. Ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ di ohun wákàtí.

Kí ló dé tí bàálù onígi kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn pẹ́? Ẹni tó bá ní àga onígúlù nílé ní Ìkàrẹ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà òjò, igi á mu omi, á wú. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ, á sán. Gúlù á tú díẹ̀díẹ̀. Ikán á sì wá kí yín. Aṣọ tó wà lórí ìyẹ́ á rà nínú oòrùn. Dúrálúmínì kò mọ ikán. Bí wọ́n bá so ó mọ́ èbúté lóru, tí òjò rọ̀ sí i títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n á gbọn omi rẹ̀ nù láàárọ̀ ni, wọ́n á sì tẹ̀síwájú.

Mi ò sọ pé kò já bọ́ o. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1924, F 13 kan já bọ́ ní Barranquilla, ó pa von Krohn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Ernesto Cortissoz, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Orúkọ Cortissoz ni pápá ọkọ̀ òfurufú ìlú náà ń jẹ́ títí di òní. SCADTA ni Avianca tòní.

F 13 tàn ká. Ó dé Páṣíà, ó dé Bòlífíà, ó dé Rọ́ṣíà, ó dé gúúsù Áfíríkà. Ó lé ní 300 tí wọ́n ṣe kó tó di pé wọ́n dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọdún 1932. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n rà á fún gbígbé lẹ́tà ní 1920, ṣùgbọ́n páìpù epo rẹ̀ ń já nítorí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì, iná ń ṣẹ́ yọ nínú òfurufú, àwọn awakọ̀ kú. Wọ́n gbé e sílẹ̀ kíákíá. Ní ọjọ́ 21, oṣù keje, ọdún 1930, ọ̀kan fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè abúlé Meopham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 6 ló kú, àwọn ọlọ́lá sì wà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dàrú lórí ìyẹ́ ló ń lu ìrù bàálù gbà-gbà-gbà títí ó fi já. Kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ lára ikú àwọn 6 yẹn wà nínú ìrù gbogbo bàálù tí ẹ bá wọ̀.

Ebè náà ní gbèsè tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ padà rí i pé afẹ́fẹ́ kì í gba inú poro tààrà bí a ṣe rò. Ó máa ń yà, ó máa ń gba orí ebè kọjá, ebè sì ń fà á sẹ́yìn, bàálù ń jẹ epo lásán. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá mú ọ̀nà àbáyọ lò, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Ford ti kọ́kọ́ ṣe bàálù oníebè tirẹ̀ tó jọ ti Junkers débi pé Junkers pè é lẹ́jọ́ ní Yúróòpù, tó sì borí. Wọ́n kó ebè wọnú ilé. Ìta ìyẹ́ di pẹrẹsẹ, ó ń dán bí ikùn ẹja, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí ebè sì wà nínú, afẹ́fẹ́ kò rí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe Boeing 247 ní 1933, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe DC-3 tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 17, oṣù kejìlá, ọdún 1935. Lójú tèmi, kò sí ohun tuntun kan nínú DC-3 tó ju ohun tí Dessau ṣe ní 1919 lọ. Ìtọ́jú ni wọ́n fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, ẹ jẹ́ ká jẹun tán ná.

DC-3 yìí ni bàálù àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa gbẹ́kẹ̀ lé fún ẹ̀mí wọn, kì í sì í ṣe ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Inú igbó Bọ́mà ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ ogun àgbáyé kejì. Ní ọdún 1944, ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ àfonífojì Kaladan, níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ohun tí wọ́n jẹ, ọta tí wọ́n yìn, oògùn tí wọ́n lò, láti ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́. Àwọn ni odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi bàálù nìkan bọ́. Dàkótà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pè é. Ó ní àwọn àpò kan máa ń ní agbòòrùn aláṣọ, àwọn mìíràn ò ní, wọ́n kàn máa ń já bọ́ gbìì, ẹni tí kò bá sá, ìrẹsì á pa á. Títí ó fi kú, bí ó bá ń jẹ ìrẹsì tó sì ṣa òkúta nínú rẹ̀, á ní, "Ti Dàkótà mọ́ ju èyí lọ."

Ní ogun yẹn kan náà, ní agbègbè yẹn kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní bàálù onígi kan tó ń sáré gan-an, Mosquito. Ooru àti òjò wọ inú gúlù rẹ̀, ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ní ìparí ọdún 1944 wọ́n dá wọn dúró nílẹ̀ títí wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ rántí àga onígúlù.

Nílé ńkọ́? Bàálù èrò Imperial Airways tó dé Kano ní oṣù kejì ọdún 1936 láti Khartoum, tó sì dé Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún náà, igi ni, ìyẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ méjì lórí ara wọn. Bí ẹ ṣe ń wò mí yẹn, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe wo ìwé nígbà tí mo kà á. Ọdún 17 lẹ́yìn F 13, wọ́n ṣì ń fi igi àti aṣọ ránṣẹ́ sí ibi tí ikán ti jọba. Ọmọ Junkers tó súnmọ́ wa jù nígbà yẹn wà ní Gámbíà: láti oṣù kejì ọdún 1934, Ju 52 oníẹ́ńjìnnì mẹ́ta, oníebè láti imú dé ìrù, ń gbé lẹ́tà wá sí Bathurst, tí à ń pè ní Banjul báyìí, kí bàálù ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Bùràsíìlì.

Ọdún 1946 ni ìjọba Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gámbíà dá West African Airways Corporation sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1947. Bàálù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ Dove, ìyẹn Àdàbà. Onírin ni, ìyẹ́ kan, èrò bí 8. Àdàbà yìí ni F 13 tiwa, bí ẹ bá gbà kí n sọ bẹ́ẹ̀: ó kéré, ó ṣeé fi dé ìlú tí kò ní pápá ńlá. Ṣùgbọ́n irin ní ohun tirẹ̀ tí igi kò ní. Ẹ mú ṣíbí kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan. Lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ṣe nǹkan. Ó di ìgbà kan, ó já, láìjẹ́ pé agbára yín pọ̀ sí i. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 1955, bàálù Bristol 170 kan ti ilé-iṣẹ́ yìí ń ti Enugu lọ sí Calabar. Ìyẹ́ rẹ̀ já lójú ọ̀run. Gbogbo èèyàn 13 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Irin náà ti rẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ka iye wákàtí tí bàálù ti fò, tí wọ́n ń tú u palẹ̀ kó tó wí pé ó rẹ òun.

Junkers kò rí Dove, kò tilẹ̀ rí DC-3. Ọkùnrin tó fẹ́ kí bàálù máa gbé èrò ni, àwọn Násì sì fẹ́ kó máa gbé bọ́ǹbù. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba ní 1933, wọ́n fi agbára gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti èyí tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sé e mọ́lé. Ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1935 ló kú, ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 76 gan-an. Ju 52 tó ṣe fún èrò ni wọ́n fi ju bọ́ǹbù sí Guernica ní ilẹ̀ Sípéènì ní 1937. Ó ti kú kó tó ṣẹlẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn nìkan ni ìgbésí ayé fi ṣàánú rẹ̀.

Dessau kan náà yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ irin oníhò di àga ìjókòó, ní 1925. Marcel Breuer ló ṣe é, oníṣẹ́ irin kan láti ọ̀dọ̀ Junkers sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àga tí ẹ jókòó lé.

Nǹkan kan ló kù kí a lọ jẹun. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Köln tó ń jẹ́ Rimowa, àpótí ìrìn-àjò ni wọ́n ń ṣe. Ní 1950, wọ́n fi ebè àti poro sí ara àpótí alumíníọ̀mù wọn, láti ara bàálù Junkers ni wọ́n ti rí i. Àwọn yìí náà ló náwó kí wọ́n tún F 13 kan ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ó sì fò ní Switzerland ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Kérésì tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ti London dé sí Ọ̀kà pẹ̀lú irú àpótí yẹn, ó ń dán, ó gbé e kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó na ọwọ́, ó fi èékánná rẹ̀ gba inú poro kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, krrrr. Ó ní, "Ta ló fi páánù ṣe àpótí?" Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, ó ti fẹ́ gbé e wò bóyá ó wúwo. Orí àti ìdí ló ti dì í mú.